Ẹ Má Tíì Dín Owó Yín Kù

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àwa mẹ́rin la para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìpolówó kékeré kan sílẹ̀ ní Utako, níbí ní Abuja. Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀, ẹnì kan ń ya àwòrán, ẹnì kan ń gbé kámẹ́rà, ẹnì kẹrin ló ń rí sí owó. Láti oṣù kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹfà la ti lọ pitch, ìyẹn ni pé a lọ gbé èrò wa kalẹ̀ níwájú àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde, ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Èyí tó kẹ́yìn ló dùn wá jù: ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta sólà fún àwọn oníṣòwò ọjà ní Kaduna àti Kano. Ilé-iṣẹ́ márùn-ún la jọ dé iwájú wọn, wọ́n ní àwa la ṣe ìkejì. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bi wá bóyá a rí ẹni tó gbọ́ Hausa láàárín wa. A ní a máa wá ògbufọ̀, ó ní, "Tòó." Ẹni tó ń rí sí owó ní ká dín owó wa kù. Ayàwòrán wa ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gbé kámẹ́rà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé ọ̀gá tó jókòó láàárín ti gbójú kúrò lára wa láti sílàìdì kẹta. Ó ti ń rẹ̀ wá. Ṣé nǹkan wà tí a lè rí kọ́ nínú gbogbo èyí, àbí ká kàn dín owó kù?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà kì í ṣe kékeré. Mo mọ bó ṣe máa ń rí nínú mọ́tò nígbà téèyàn bá ń bọ̀ láti irú ibi bẹ́ẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, tí ẹnì kan gbé kọ̀ǹpútà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Abuja. Mo ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń dá mi lẹ́jọ́, mo sì ti wà lára àwọn tó ń dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́.

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó yín.

Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ ti dá ẹjọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ara yín gan-an lẹ ń ṣe níkà. Ẹ wo bí ìdí tí oníkálukú mú wá ṣe bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mu: ẹni tó ń rí sí owó, owó ló rí, ayàwòrán tó mọ̀ pé iṣẹ́ òun dára, ojúsàájú ló rí. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Bí a kò bá lọ gba ìdí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, èyí tó ti wà lọ́kàn wa tẹ́lẹ̀ la ó gbé jáde. Ìdí tí kì í ṣe òótọ́ sì máa ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn ju iṣẹ́ tó bọ́ lọ. Mo ti san irú owó yẹn rí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Àwa mẹ́ta ni, yàrá méjì la gbà ní Garki. Iṣẹ́ ìpolongo abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé kan jáde ní Kano, a sì múra sí i bí ẹni ń lọ fẹ́ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ gàdàgbà sórí póstà ni *Lafiyar yara, ƙarfin ƙasa*, ìyẹn ni pé ìlera àwọn ọmọdé ni agbára orílẹ̀-èdè. Wọn ò mú wa. Ká tó dé Zaria lójú ọ̀nà àbọ̀ ni mo ti dájọ́ tèmi: owó wa ló pọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà, gbogbo iṣẹ́ tí a bá lọ du, n ó yọ nǹkan kúrò nínú owó rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. A rí iṣẹ́ méjì gbà láàárín àkókò yẹn, èrè orí méjèèjì kò tó owó epo tí a ń dà sí jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn tó dá wa lẹ́jọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kaduna. Olùkọ́ èdè Hausa tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá náà. Mo kí wọn, wọ́n rántí mi. Nígbà tí a jẹun tán, mo bi wọ́n léèrè ohun tí a ṣe tí kò tọ́. Wọn ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Nígbà tó yá, wọ́n fa bébà ìnuwọ́ kan mọ́ra, wọ́n yọ bírò, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: *ƙasa*, *kasa*. Wọ́n wá fi ẹnu bírò kan ìwo kékeré tó wà lórí *k* ti òkè. Wọ́n ní èyí tó ní ìwo ni ilẹ̀, òun ni orílẹ̀-èdè. Èyí tí kò ní ìwo ni kí nǹkan kọjá agbára èèyàn, kí ó kùnà. Fọ́ǹtì tí a fi ṣe póstà wa kò ní lẹ́tà oníwo yẹn. Ayàwòrán wa fi *k* lásán rọ́pò rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni, èmi tí mo sì jẹ́ ọ̀gá kò wò ó.

Bàbá náà ṣe ẹ̀tọ́. Wọ́n ní àwọn Hausa fúnra wọn ń kọ ọ́ láìsí ìwo lórí fóònù, ó sì ń yé ara wọn. Ṣùgbọ́n póstà tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ kúrò ní ọ̀rọ̀ orí fóònù. Wọ́n ní, "A wò ó títí, a ní àwọn èèyàn yìí kò ní ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè wa nítòsí wọn." Àwa Yorùbá ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Ẹ kọ *ọkọ* láìfi àmì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ìyàwó ilé máa bá ara rẹ̀.

Mo wá bi wọ́n nípa owó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nínú gbogbo àwọn tó wá, tiwa ló kéré jù.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń lo oògùn àìsàn tí kò ṣe mí. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti ní kí ẹ dín owó kù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí lẹ́tà yín. Nǹkan méjì péré ló wà nínú rẹ̀ tí ẹnì kan fi ojú rí tàbí tó fi etí gbọ́. Ìyókù, ìméfò ni. Àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹni tó ń gbé kámẹ́rà sọ. Ẹ bá mi kí i dáadáa, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi ríran: ó ti mọ́ ọn lára láti máa wo ojú èèyàn. Kí ló wà lórí sílàìdì kẹta yín? Ó ṣeé ṣe kí n ṣì í, ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ̀ wá nínú iṣẹ́ yìí, ìtàn ilé-iṣẹ́ yín ló wà níbẹ̀: ọdún tí ẹ dá a sílẹ̀, àwòrán ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lógò àwọn tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́ rí. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ọ̀gá yẹn sì ti ka gbogbo rẹ̀ nínú ìwé tí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kó tó pè yín. Ohun tó gbé wá sórí àga ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìṣòro tirẹ̀, pé aláṣọ kan ní Kantin Kwari, ọjà aṣọ ní Kano, ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń bẹ̀rù pé sólà yóò bàjẹ́, kò sì ní rẹ́ni tó máa tún un ṣe. Bí sílàìdì àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta bá kọjá tí kò tíì gbọ́ orúkọ aláṣọ yẹn, ojú rẹ̀ á lọ sórí fóònù.

Èkejì ni ìbéèrè nípa Hausa. Ẹ gbà á bí ọ̀rọ̀ ìkíni, ẹ dáhùn, ẹ kọjá. Lójú tèmi, ìbéèrè tó wúwo jù ní gbogbo ọjọ́ náà nìyẹn. "Tòó" tí ó sọ, bí mo ṣe gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, ìwé ni ó pa dé. Ẹni tó ń tajà fún ọlọ́jà ní Kaduna àti Kano kò wá ẹni tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ti fi Gẹ̀ẹ́sì rò tán. Ó ń wá ẹni tó máa jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, kó gbọ́ bí àwọn oníbàárà ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa owó sólà, kó wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe ìpolówó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abuja, tí Kaduna kò jìnnà sí, ẹ lè ṣe é ju ẹni tó máa wọ bàálù láti Èkó lọ. Ẹ ò kàn sọ ọ́ ni.

Àmọ́ ìméfò ni tèmi náà títí ẹ ó fi bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀, bíbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, nítorí ìtìjú. A rò pé ẹni tó bá padà lọ béèrè ti di alágbe. Mo ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń dájọ́ nígbà púpọ̀, inú wa máa ń dùn sí ẹni tó bá padà wá béèrè pẹ̀lú sùúrù, a sì máa ń rántí orúkọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń béèrè ló ṣòro. Bí ẹ bá ní, "Kí ló dé tí ẹ ò fi mú wa?", ẹ ti sọ ẹni náà di olùjẹ́jọ́, á sì fi ọ̀rọ̀ dídùn lé yín lọ: iṣẹ́ yín dára gan-an, ìdíje náà ló le, a ó máa pè yín. Ìbéèrè kéékèèké ló ń mú òótọ́ jáde. Ẹ bi wọ́n pé, nígbà tí a jáde tán, kí ni ẹ kọ́kọ́ sọ nípa wa? Ibo nínú ìwé wa ni ẹ ti ní ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn? Kí ni ẹni tí ẹ mú mú wá tí ẹ ò rò tẹ́lẹ̀? Bí ẹ bá ti béèrè, ẹ dákẹ́. Ẹ má gbèjà ara yín. Bí ẹ bá ti sọ pé "ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sójú ìwé kẹjọ", ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kò tún ní sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ fi ohùn béèrè, ẹ má fi ímeèlì. Ohun tí èèyàn máa sọ lórí fóònù, kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnì kan lè fi pe òun lẹ́jọ́. Bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ lọ fúnra yín, ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ara tiyín lè balẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pé oṣù kan kí wọ́n má baà gbàgbé. Ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí a wà: ẹ má pè é ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, bí ó bá sì jẹ́ àkókò ààwẹ̀ Ràmádáànì, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ kí i, ẹ béèrè ilé, kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kì í tiẹ̀ ṣe ojú rere lẹ ń tọrọ. Abala 19 nínú Public Procurement Act ti ọdún 2007, òfin tó ń darí bí ìjọba ṣe ń ra nǹkan tó sì ń gbé iṣẹ́ jáde, sọ pé bí ẹni tí kò rí iṣẹ́ gbà bá béèrè, kí iléeṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ náà jáde ṣàlàyé fún un. Ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí wọn, ẹ tọ́ka sí abala yẹn. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìfẹ̀sùnkàn o. Ìfẹ̀sùnkàn wà ní abala 54, ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni òfin sì fún yín láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi kì í gba ilé-iṣẹ́ kékeré nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀sùn. Ẹ kọ́kọ́ gba àlàyé.

Ọ̀rọ̀ owó tún ní apá kan tí ẹni tó ń rí sí i fún yín gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tẹ́ńdà, ìyẹn ìdíje fún iṣẹ́ tí a ń fi ìwé ṣe, àpò ìwé méjì ni wọ́n ń gbà: ọ̀kan fún bí ẹ ó ṣe ṣe iṣẹ́, ọ̀kan fún iye tí ẹ ó gbà. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣí, wọ́n á fún un ní máàkì, nígbà púpọ̀ wọ́n á fa ìlà sí 70 tàbí 75 nínú 100. Ẹni tí kò bá kọjá ìlà, wọn kì í ṣí àpò owó rẹ̀ rárá. Mo ti rí àpò owó tó wà ní títì gbọin tí a dá padà fún oníǹkan, tí oníǹkan gbà á tó ń ráhùn pé òun ìbá ti dín in kù. Kò tiẹ̀ dé iwájú wa débi tí ìyẹn ti kàn. Àwọn mìíràn kò dé ibi máàkì pàápàá: ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta kò pé, tàbí ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé kan, a sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ láì wo àwòrán kan ṣoṣo. Nínú mẹ́fà tí ẹ pàdánù, ẹ wádìí iye tó jẹ́ pé wọn ò ka iṣẹ́ yín rárá. Ìyẹn kò ní ẹ̀kọ́ kan nínú ju kí ẹ ṣètò fáìlì ìwé yín lọ.

Ní ti mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mi ò ní sọ fún ayàwòrán yín pé kò sí. Ó wà. Àwọn iṣẹ́ kan ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé e fún kí wọ́n tó pè yín, àwa tó kù kàn lọ bá wọn pé iye ni. Àmọ́ ó máa ń ní àmì. Wọ́n á fún yín ní ọjọ́ mẹ́rin láti kọ ètò ọdún kan. Wọn ò ní sọ iye owó tó wà nílẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ bá ẹni tó máa pinnu sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta, ẹ ò rí ìdáhùn kan. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà parí kí wọ́n tó yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Àwọn yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ wa ti 2022 kì í dáàbò bo èrò lásán, bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ nìkan ló ń dáàbò bò. Bí ẹ bá rí méjì nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ kí wọn, ẹ dúpẹ́, ẹ má lọ.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ká ní ọjọ́ márùn-ún péré lẹ fi múra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, ìgbà mẹ́fà: 120 ọjọ́ iṣẹ́. Ó ju oṣù márùn-ún lọ tí ẹnì kan ìbá fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè jẹ irú gbèsè yẹn mọ́ra, ẹ̀yin ò lè jẹ ẹ́. Ọjà náà sì ti há sí i. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànlọ́wọ́ òkèèrè dúró ní oṣù kìíní 2025, mo ń rí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi tiyín tó ń jẹun lára NGO, àwọn àjọ aláàánú tí kì í ṣe ti ìjọba, ní Abuja tí wọ́n ya wá sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹ pé márùn-ún níwájú àwọn onísólà. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ìyà ń jẹ. Ṣùgbọ́n mẹ́fà pọ̀ jù. Mẹ́ta tí ẹ yàn fúnra yín ìbá ti tó.

Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá ti pitch tán, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú mọ́tò. Ó le, mo mọ̀. Kí oníkálukú dé ilé, kó kọ ojú ìwé kan lálẹ́ ọjọ́ náà: ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, ibi tí ẹnì kan ti wo aago, ìbéèrè tí wọ́n bi yín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an, ibi tí ẹ ti kólòlò. Ẹ kọ ọ́ kí èsì tó dé. Bí èsì bá ti dé, ojú àná á ti yí padà, gbogbo ẹ̀rín wọn á dà bí ẹ̀gàn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ ó tó gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú kan. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò nínú mọ́tò, ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù ló máa pinnu ohun tí gbogbo yín rí, ẹni tó ń gbé kámẹ́rà kò sì ní sọ nǹkan kan. Ẹ wo bí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ọ́. Bí ẹ bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tó bá fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta, òun ni kí ẹ bá wí.

Ipò kejì ńkọ́? Ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ìkejì nínú márùn-ún túmọ̀ sí pé ẹnì kan nínú yàrá yẹn jà fún yín. Ẹ wá ẹni náà. Ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà, ẹ bá wọn yọ̀ tọkàntọkàn. Bí ó bá jẹ́ ará Èkó ni wọ́n, wọ́n máa nílò ẹni tó máa ya fídíò ní Kaduna láìpẹ́, wọ́n sì lè fi ìyẹn lé yín lọ́wọ́. Ìyàwòrán ọjọ́ mẹ́ta nínú ọjà yóò kọ́ yín ní ohun tí ìwé ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ yín nípa àwọn oníbàárà yẹn, ẹ ó sì gba owó lé e.

Ẹ pe àwọn onísólà lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, bí aago mẹ́wàá. Ìwọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ ni kó o pè, nítorí ìwọ lo kọ lẹ́tà yìí, sùúrù sì wà nínú rẹ̀. Béèrè ọ̀gá tó jókòó láàárín. Bí o bá kí i tán, bi í nípa sílàìdì kẹta, kó o dákẹ́. Kí ẹni tó ń gbé kámẹ́rà jókòó tì ọ́, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí àwọn méjì tó kù lọ wá nǹkan jẹ.